Ààwẹ̀ tí Ilésanmí Gbà Kẹ́yìn

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo, mo sì ti gbé e pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀. Ó ní kí n má gun àtẹ̀gùn mọ́, àtẹ̀gùn ni a sì ń gùn dé ilé ìjọsìn yìí. Ó lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí ẹ ó rí mi níwájú yín nìyí. N kò fẹ́ kí wọ́n sin òtítọ́ mọ́ mi. Orúkọ mi ni Ọlábọ̀wálé. Baba Ìjọ ni ẹ ń pè mí. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, lórí pèpéle yìí, pé ọwọ́ Ọlọ́run ló pa arákùnrin wa Ilésanmí nítorí pé ó ṣe àgàbàgebè nínú ààwẹ̀. Irọ́ ni. Ilésanmí kò ṣe àgàbàgebè. Ọlọ́run kọ́ ló pa á. Èmi ni.

Àwọn kan nínú yín kò mọ̀ ọ́n. Ó ga, ó máa ń rẹ́rìn-ín, bàtà rẹ̀ kì í yé dán. Iṣẹ́ sìkiọ́ríìtì ló ń ṣe ní ilé ìtajà ńlá tó wà ní Surrey Quays, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Èmi ń wa bọ́ọ̀sì P12 nígbà náà. Inú bọ́ọ̀sì yẹn la ti pàdé. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ojú yín yìí, àfi bí òṣómàáló tí onígbèsè sá mọ́ lọ́wọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ mi níwájú bọ́ọ̀sì ló máa ń dúró sí, yóò máa sọ̀rọ̀, èmi yóò máa wakọ̀. Òun ló mú mi wá sí ìjọ yìí. Ní ọjọ́ Àìkú, òun ló máa ń gbé ọbẹ̀ tí Agnes ìyàwó rẹ̀ sè wá fún mi nílé mi ní Nunhead. Kì í lọ láìjẹ́ pé ó fọ gbogbo àwo tó bá nílẹ̀. Èmi á ní kó fi í sílẹ̀. Á ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò mọ àwo fọ̀." Ọkùnrin tó fọ àwo mi ni mo ṣe báyìí fún.

Ilésanmí ní ìtọ̀ ṣúgà. Abẹ́rẹ́ ló ń gún fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Agnes mọ̀, Ìlérí ọmọ wọn mọ̀, èmi náà mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ nínú ìjọ. Ẹ mọ irú ìjọ tí a jẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá ń lo oògùn, bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó la ṣe máa ń wò ó. Bí ó bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́ láàárín ìsìn, yàrá tí a ń kó aṣọ akọrin sí ló máa ń wọ̀, èmi á sì bá a ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ó kọ́ mi ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá rí i tí mò ń làágùn, tí mò ń gbọ̀n, tí mò ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí, ẹ má gbàdúrà o. Ẹ fi nǹkan dídùn sí mi lẹ́nu kíá, kí ẹ pe áńbúláǹsì. Àdúrà lè dúró dìgbà tí mo bá jí." Mo ní mo gbọ́. Mo fẹ́ kí ó yé yín pé mo gbọ́.

Èmi ni mo ń kọ́ kíláàsì ọjọ́ Àìkú. Ìtàn àwọn ọba Hébérù ìgbàanì ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń sọ fún yín pé àwọn tó kọ ìtàn àwọn ọba wọ̀nyẹn kì í wo odi tí ọba mọ tàbí ogun tó ṣẹ́. Ómírì tẹ ìlú ńlá dó, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi pa ìtàn rẹ̀ dé, wọ́n ní ó burú ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọn ọba: ṣé ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run? Dáfídì ṣẹ̀, ó ṣẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí wòlíì nàka sí i, kò jiyàn. Jòsáyà gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin, ó fa aṣọ ara rẹ̀ ya. Lójú wọn, ẹni tí kò bá lè wólẹ̀ fún Ọlọ́run, kò yẹ kí èèyàn kankan wólẹ̀ fún un. Òtítọ́ ni ẹ̀kọ́ yẹn. N kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lórí rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di ọ̀bẹ.

Nígbà tí Baba Káyọ̀ tó dá ìjọ yìí sílẹ̀ kú, àwa àgbà pàdé láti yan ẹni tí yóò rọ́pò wọn. Ẹnì kan dárúkọ mi. Màmá Adépéjú dárúkọ Ilésanmí. Wọ́n ní, "Ilésanmí ni àwọn ọmọ wa ń tẹ̀ lé. Tí Wálé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, fóònù ni gbogbo wọn máa ń wò." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún, nítorí pé òtítọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo dìde. Mo ní kí a má fi ohun tí ọmọdé fẹ́ràn yan olórí, pé àwọn Hébérù kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìfọkànsìn ni kí a fi yàn án. Mo rán wọn létí pé kí Baba Káyọ̀ tó dá ìjọ sílẹ̀, wọ́n wọ yàrá àdúrà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọn kò jẹ, wọn kò mu, omi pàápàá, títí ìsìn ọjọ́ Àìkú fi parí. Mo ní kí àwa méjèèjì gba irú ààwẹ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Bí àwa méjèèjì bá là á já, kí wọ́n ṣẹ́ gègé. Gbogbo wọn ṣe àmín. Ilésanmí kò sí níbẹ̀, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. N kò fẹ́ kó kú. Mo fẹ́ kó yọ ara rẹ̀ ni. Mo rò pé yóò ní iṣẹ́ kò fún òun láyè. Ẹ má fi èyí dá mi láre. Ẹni tó gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà kò lè ní òun rò pé ẹni tó ń kọjá yóò yà.

Kò sì sí pé n kò mọ bó ti léwu tó. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Làtíìfù, Mùsùlùmí, tí a jọ wa bọ́ọ̀sì. Òun náà ní ìtọ̀ ṣúgà. A jókòó ní pápá Peckham Rye lọ́sẹ̀ yẹn. Àsìkò Ràmàdáánì ni, síbẹ̀ ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi gbààwẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n kú ni? Dókítà ní rárá. Ìmáàmù wa náà ní rárá. Tálákà ni mò ń bọ́ dípò rẹ̀. Ọlọ́run tó ní ká gbààwẹ̀ náà ló ní kí aláìsàn jẹun." Ó wá wò mí. "Kí ló dé tí o fi ń bèèrè? Ṣé o fẹ́ di Mùsùlùmí ni? Jọ̀ọ́, rọra o, Wálé. Ojú rẹ yìí á lé àwọn èèyàn kúrò ní mọ́sálásí." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo lọ sílé. N kò pe Ilésanmí.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ààwẹ̀ gbígbẹ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò lè ṣe é." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún àwọn àgbà. Tó bá ti ẹnu yín jáde, wọ́n á gbà. Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń wá àwáwí." Ibi tí mo ti lè dá ikú dúró nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ni. Dípò rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ ọba Ásà fún un. Ásà fi gbogbo ọkàn sin Ọlọ́run, ó wó àwọn òrìṣà, ó yọ ìyá ńlá rẹ̀ pàápàá kúrò nípò nítorí ère. Ṣùgbọ́n nígbà ogbó rẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún, àwọn oníṣègùn ló sá tọ̀, kò tọ Ọlọ́run lọ. Bí wọ́n ṣe parí ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ó wà lákọsílẹ̀." Ilésanmí di ẹ̀yìn àga mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú tí ẹ fi ń wò mí láti ọjọ́ yìí nìyí? Nígbà tí ẹ ń bá mi ṣọ́ ilẹ̀kùn?" Ẹ̀yin ìjọ, ìtàn ọba mìíràn wà. Hesekáyà ṣàìsàn títí dé ojú ikú. Ó kọjú sógiri, ó sunkún sí Ọlọ́run, Ọlọ́run gbọ́ ọ. Wòlíì Aísáyà fúnra rẹ̀ ló wá ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lẹ ojú oówo tó ń ṣe é. Wòlíì ló júwe oògùn. Mo mọ ìtàn yẹn dáadáa. Mo ti fi kọ́ yín rí. Lọ́jọ́ náà, mo gbé e mì. Ilésanmí ní, "Ó dáa. Màá gbà á." Kó tó lọ, ó rí àwo kan nínú síǹkì mi. Ó fọ̀ ọ́.

A wọ yàrá àdúrà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ mọ yàrá yẹn, kò ní fèrèsé. Òórùn ẹja ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láti ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Ilésanmí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja yìí gan-an ni èṣù." Lọ́jọ́ kìíní, ó kọrin, ó gbàdúrà fún gbogbo yín pẹ̀lú orúkọ, títí kan àwọn ọmọ tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ó gbàdúrà fún mi. Ó ti ṣèlérí fún Agnes pé òun kò ní fo abẹ́rẹ́ òun, àti pé bí ara òun bá ti ń gbọ̀n, òun á jẹ nǹkan. Súwíìtì kún àpò rẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó fa ọ̀rá náà yọ. Ó ní, "Jónátánì ni mí o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sọ fún Sọ́ọ̀lù." Ẹ mọ ìtàn náà. Sọ́ọ̀lù ọba fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn bí olùfọkànsìn lójú ogun, ó wá gégùn-ún pé ọmọ ogun kankan kò gbọdọ̀ jẹun títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Jónátánì ọmọ rẹ̀ kò gbọ́. Ó tọ́ oyin lá, ojú rẹ̀ là. Bàbá rẹ̀ fẹ́ pa á nítorí rẹ̀, àwọn èèyàn ló gbà á sílẹ̀. Ilésanmí ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́. Mo ní, "Gbé e wá, kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀. Ó ku díẹ̀. Má ba ohun tí o ti ṣe jẹ́." Ó wo ọwọ́ mi. Ó gbé ọ̀rá náà lé e.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi lẹ́yọ kan." Mo ní ó ku díẹ̀. Ó tún bèèrè. Mo tún ní ó ku díẹ̀. Òógùn bò ó, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Gbogbo àmì tó sọ fún mi ló wà níwájú mi. Súwíìtì wà lápò mi. Mo kúnlẹ̀, mo ń gbàdúrà.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìlérí ni. Ó ń lọ sí yunifásítì nígbà náà. Mo ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, mo fi ara dí i. Ó gbé fúláàsì oúnjẹ dání. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú àdúrà, Uncle. Mummy ní kí n wá check Daddy. Wọn ò pick phone wọn." Mo ní, "Bàbá rẹ ti jẹun." Ó ní, "Wọ́n ti jẹun? Serious?" Mo ní, "Ó jẹ bisikíìtì lọ́sàn-án. Ó ń gbàdúrà ni." Lẹ́yìn mi, Ilésanmí ń kùn. Ìlérí na ọrùn. Ó ní, "Uncle, ohùn Daddy ń sound somehow. Ó dà bíi pé wọ́n ti mutí." Mo ní, "Ẹ̀mí ló bà lé e." Ó wò mí lójú. Mo rí i pé ó mọ̀ pé nǹkan kò dára. Ṣùgbọ́n ilé ire ló ti wá, wọ́n ti kọ́ ọ kó má já àgbà ní koro. Àgbà náà kì í sì í ṣe àgbà lásán, Uncle Wálé tí kì í purọ́ ni. Ó ní, "Okay, Uncle. Ẹ sọ fún wọn pé mo love wọn." Ó gbé fúláàsì náà fún mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ti ilẹ̀kùn. N kò jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi.

Nígbà tí Ilésanmí dákẹ́ ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo yọ súwíìtì, mo fi sí i lẹ́nu. Kò lè gbé e mì. Mo kígbe. Màmá Adépéjú àti àwọn mìíràn sáré wọlé, wọ́n pe áńbúláǹsì. Àwọn òṣìṣẹ́ náà bi mí bóyá ó ní àìsàn kankan, bóyá ó ń lo oògùn kankan. Ẹ̀yin tí ẹ sáré wọlé dúró, ẹ ń gbọ́. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mo ní, "N kò mọ̀." Wọ́n gún ọmọ ìka rẹ̀, wọ́n rí i fúnra wọn. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Kò jí mọ́. Ọsibítù ló kú sí, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ Agnes.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bí wọ́n ti gbé e sọ̀ kalẹ̀, Màmá Adépéjú rí ọ̀rá súwíìtì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Kí nìyí?" Mo ní, "Àpò Ilésanmí ló ti wá." Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, síbẹ̀ òun ni irọ́ tó tóbi jù tí mo pa. Kí ìsìn ọjọ́ kejì tó parí, gbogbo ìjọ ti ń sọ pé ó ń yọ́ jẹun nínú ààwẹ̀, Ọlọ́run sì mú un. N kò tún un ṣe. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi gun pèpéle, mo fi ṣe ìwàásù. Agnes jókòó níwájú mi nínú aṣọ dúdú, ó ń gbọ́. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé Ilésanmí ló sọ fún mi pé òun ti jẹun. Báyìí ni obìnrin náà ṣe gbà pé ọkọ òun kò jẹun bó ti ṣèlérí, pé ó tan òun jẹ kó tó kú. Ó kó lọ sí Sydenham. Ẹ fi mí joyè. Mo gbà á.

Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí di oṣù tó kọjá. Mo wà lórí ibùsùn ní ọsibítù, Ìlérí wá kí mi. Ó ti rù. Ó jókòó. Ó wá ní, "Uncle, mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, Mummy pàápàá. Mo gbọ́ ohùn wọn lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ohùn yẹn, Uncle. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà tí ṣúgà wọn bá lọ sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì yí padà. Èmi ni mo pa Daddy." Ó gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, ó ń sunkún. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Ní ọjọ́ yẹn pàápàá, ẹ̀yin ìjọ, n kò sọ ohunkóhun.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mo lọ bá Agnes ní Sydenham. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó ní, "Nítorí náà, ọkọ mi ò purọ́ fún mi." Mo ní kò purọ́. Ó di ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí, Uncle. Mi ò ní ohun tí mo lè fún yín. Ibi tí ẹ ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ẹ lọ tún un ṣe níbẹ̀. Màá mú Ìlérí wá. Etí ara rẹ̀ ni kó fi gbọ́ ọ." Ó ti ilẹ̀kùn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti òní lọ, ẹ má pè mí ní Baba Ìjọ mọ́. Bí mo bá kúrò níbí, àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, n kò ní bi yín léèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá olórí tó ń fọkàn sin Ọlọ́run. Ohun tí mo kọ́ yín náà nìyẹn, n kò yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi wọn ọ́n, ẹ má fi òùngbẹ wọn ọ́n. Ẹ wo ohun tó ń ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Bí ọkàn yín bá sì sọ fún yín pé nǹkan kò dára nínú yàrá kan, tí àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ wọlé. Ọlọ́run kò ní ka ìyẹn sí àfojúdi.

Ìlérí, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Dìde dúró, ọmọ mi, kí gbogbo wọn rí ọ. O wá. O gbé oúnjẹ wá. O gbọ́ ohùn bàbá rẹ, o sì sọ ohun tí o gbọ́. Ìwọ kọ́ lo yí padà. Èmi ni mo dá ọ padà.